Dákẹ́ Tí Kì í Sọ̀rọ̀ Nínú Fíìmù

Àbẹ̀kẹ́, gbé fóònù yẹn kalẹ̀ ná. O wá láti Ìkòròdú pé kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣe eré láìsọ̀rọ̀, kí àwọn tó ń wò ọ́ lórí fóònù má baà mọ̀ pé o ń kólòlò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n jókòó, gbọ́ tèmi.

Nígbà tí èmi náà ṣì jẹ́ géńdé, àwọ̀n ni mo ń tún ṣe létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Kólòlò tèmi ju tìẹ lọ. Bí mo bá fẹ́ pe ẹja, ẹja á ti jẹrà kí n tó pè é tán! Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tẹ àwọ̀n mi mọ́ ẹrẹ̀. Mo fẹ́ bú u. Ẹnu kọ̀. Inú ń bí mi… mo wá fi ọwọ́ bú u, mo fi ojú bú u, mo fi ìdí bú u. Gbogbo èrò etí omi ń di ikùn mú. Ẹni tí mò ń bú gan-an, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ṣé o mọ ẹni tó jẹ́? Ọ̀gá Ráṣídì, ará Ìkòròdú tó ń ya fíìmù. Kámẹ́rà rẹ̀ kì í gba ohùn o, àwòrán nìkan ló ń gbà. Ó ní, "Ọmọkùnrin yìí, irú ẹ ni mo ti ń wá. Má sọ ohunkóhun."

Má sọ ohunkóhun! Ta ló ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí tí kì í ṣe èébú?

Bí mo ṣe di Dákẹ́ nìyẹn, orúkọ tó fún mi nínú fíìmù. Kì í ṣe èmi ni olórí eré o. Ẹlòmíràn ló ń ṣe ọkọ arẹwà. Èmi ni aládùúgbò, èmi ni ẹlẹ́ja, èmi ni ẹni tó ń kó bá wọn. Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù, mo gbé ẹja àrọ̀ láàyè lọ sílé àna ọkọ arẹwà yẹn. Ẹja yọ̀ bọ́, ó wọ inú agbádá bàbá àgbà kan. Mò ń wá ẹja, bàbá ń fò sókè…

Ní Lásúnwọ̀n, ní Agbówà, a ó fi aṣọ dí fèrèsé gbọ̀ngàn ilé ìwé, a ó ta aṣọ funfun mọ́ ògiri. Ẹ̀rín àwọn èèyàn ni ohùn fíìmù wa. Lónìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń fi ẹ̀rín ẹ̀rọ sínú eré yín. Ta ló bẹ̀ yín?

Gbọ́ ibi tí wàhálà wà. Mo fẹ́ fẹ́ Sìkírátù, ìyá àgbà rẹ yìí tó ń fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Bàbá rẹ̀, Àlàájì, oníṣòwò ẹja, ti wo fíìmù mi ní Agbówà, ó sì gbà tọkàntọkàn pé odi ni mí. Nígbà tí ẹbí mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Odi tó ń lé ẹja nínú agbádá? Ọmọ tèmi kọ́!" Wọ́n búra fún un pé mò ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó dáa. Lọ́jọ́ yìgì, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun gbà á, lójú gbogbo jàmáà. Bí kò bá sọ ọ́, kí kálukú máa lọ ilé rẹ̀."

Ọjọ́ pé. Mọ́ṣáláṣí kún. Ká má purọ́, ọ̀pọ̀ wọn, Dákẹ́ ni wọ́n wá wò. Alfa bi mí. Mo ní, "M… m… m…" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín! Wọ́n rò pé eré ni. Bí mo ṣe ń làágùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín tí mo fẹ́ràn jù láyé, mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Alfa, ẹni ire, ní bí mo bá tilẹ̀ fọwọ́ ṣe àmì, ó tó. Àlàájì ní, "Mi ò fọmọ fún odi." Ó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn kan níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí, tó ń fi imú kọ orin. Orin tí a fi ń ka wáláà! Èmi àti Sìkírátù la jọ lọ ilé kéwú. Ó mọ̀ pé tí mo bá ń ké kéwú, n kì í kólòlò. Lẹ́tà kan kì í há mi lọ́fun. Mo pa ojú dé, mo tẹ̀lé ohùn yẹn. Mo fi ohùn kéwú sọ ọ́ ní Lárúbáwá, ketekete, pé mo gbà á, mo gbà á, mo gbà á. Àlàájì bá jókòó padà.

Mo ṣe fíìmù fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí kámẹ́rà tó ń gba ohùn dé, Ọ̀gá Ráṣídì ní kí n sọ ọ̀rọ̀ méjì. Méjì péré! Mo kọ̀. Mo ní Dákẹ́ kì í sọ̀rọ̀. Irọ́ ni, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo padà sídìí àwọ̀n. Ó bẹ̀ mí títí ó fi kú: "Wá sọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n á dúró dè ọ́." Mi ò lọ. Ó ń dùn mí títí dòní, Àbẹ̀kẹ́.

Màá kọ́ ọ ní ti ọwọ́, màá kọ́ ọ ní ti ojú. Ti ìdí pàápàá, bí eegun mi bá gbà! Ayé yín dára. Tiwa, bí gbọ̀ngàn Agbówà bá ti kún, a ti dé ibi gíga. Tìẹ, ará òkè òkun á rí ọ kí ọbẹ̀ tó hó. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tiwa kò gbọ́ràn. Tìẹ ń gbọ́. Nítorí náà, dárúkọ ara rẹ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá pẹ́, kó pẹ́. Kò sẹ́ni tó ń wá bàtà níbí.

Ó yá, gbé fóònù rẹ, tẹ̀ ẹ́.

"À… À… Àb…"

Sìkírátù, wá gbọ́ o! Ó ti ń bọ̀.