Yàrá Tí Mo Fi Gbẹ̀san

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa: okun o. Ìyá arúgbó kan wà ní ọsibítù ní Kàbà níbí, ooru yàrá rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Èmi ni mo fi ooru náà sínú yàrá náà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. N kò lè pa á mọ́ra mọ́, torí ọmọ rẹ̀ ti ní kí n wá tún yàrá náà ṣe, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ mi ni kí n ya bí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ yóò ṣe máa wọ ilé: ibi tí fèrèsé yóò kọjú sí, ibi tí ẹ̀rọ amúlétutù yóò wà, ọ̀nà tí ooru yóò gbà jáde. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe kò lè bà á jẹ́ bí mo ṣe bà á jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni Bọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pe ọkọ rẹ̀ ní Délé. Ó pẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ọmọ kò dé. Nígbà tí Bọ́sẹ̀ lọ tọ́jú màmá wa tó ń ṣàìsàn ní Ìsánlú, Délé kó ẹrù rẹ̀ síta, ó pààrọ̀ àgádágodo, ó gbé ìyàwó mìíràn wọlé.

Inú òjò ni Bọ́sẹ̀ bá ẹrù náà nígbà tó padà dé. Ó jókòó lé e lórí. Àwọn tó ń kọjá ń kí i pé "Okun o," ó sì ń dá wọn lóhùn bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ìyá Délé nìkan ló jáde láti ilé tirẹ̀, tó wá jókòó tì í nínú òjò náà títí mo fi dé.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ nínú ọkàn mi pé màá fi ìyà jẹ Délé. N kò mọ ọ̀nà tí màá gbà. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ọ̀nà náà wá fún mi.

Ó fẹ́ kọ́lé tuntun. Ó wá sí ọ́fíìsì mi, ó ní, "Àbúrò mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ kó bá mi ya ọ̀nà afẹ́fẹ́ ilé náà, kí ìjà lè tán." Kò dárúkọ Bọ́sẹ̀ rárá.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ó gbádùn rẹ̀."

Mo ṣe pálọ̀ rẹ̀ dáadáa kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ kọjá débi pé àlejò ń sùn lórí àga. Yàrá ńlá tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ máa sùn ni mo bà jẹ́. Láti ìhà orí òkè ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá sórí ilẹ̀ náà. Mo fi ògiri dí i. Mo ya fèrèsé sí ìwọ̀-oòrùn nìkan, onígíláàsì tí kò ṣeé ṣí, mo ní ìyẹn ló lòde báyìí. Mo yọ ihò tí ooru ìbá gbà jáde lábẹ́ páànù kúrò nínú àwòrán ilé náà. Mo fi ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù sínú kọ̀rọ̀ tóóró kan, tó fi jẹ́ pé ooru tó bá tú jáde náà ló tún ń fà wọlé. Bí iná bá wà, ẹ̀rọ ń pariwo lásán. Bí iná bá lọ, yàrá di ààrò.

Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún yín. Tí mo bá ń kọjá nírọ̀lẹ́, tí mo rí Délé lórí fàráńdà, tó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, tó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀, màá dín eré ọkọ̀ kù kí n lè wò ó dáadáa. Ó ń dá àwọn bíríkìlà lẹ́bi. Èmi náà bá a dá wọn lẹ́bi.

Mo lọ sọ fún Bọ́sẹ̀ ní Ìsánlú, níbi tó ti ń ṣe tíṣà. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó kàn bi mí pé, "Ta ló ń sùn níbẹ̀ báyìí?"

Mo ní Délé ti kó lọ sí pálọ̀, ó mú ìyá rẹ̀ láti ilé tirẹ̀ wá sí yàrá náà, torí ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ sì ń dun màmá.

Bọ́sẹ̀ dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "N kò rán ọ níṣẹ́ yìí. Lọ mú Ìyá kúrò níbẹ̀."

N kò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Bí mo bá ní kí wọ́n gbé e kúrò, Délé yóò bi mí pé kí ló dé. Ibi tí mo ti ń wá ọgbọ́n tí màá dá ni màmá ti dákú lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò síná. Ó ti lajú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Mo lọ kí i. Ó dá mi mọ̀. Ó fi ìnira bi mí pé Bọ́sẹ̀ ń kọ́.

Délé sìn mí jáde. Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ nìkan ni mo gbọ́kàn lé. Bá mi tún yàrá yẹn ṣe kí màmá tó padà wálé."

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣe é tí n kò sọ̀rọ̀, yóò máa gbàdúrà fún mi, àwọn bíríkìlà yóò sì máa ru ẹ̀bi lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi ti parí nìyẹn ní gbogbo ilẹ̀ Okun. Bọ́sẹ̀ kò gbé fóònù mi mọ́.

Kí ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ìyá. Òun ni mo ṣẹ̀. Ní ti Délé, mo ti kúnlẹ̀ àdúrà títí kí n lè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ohun tí mo ṣe sí i. Orúkọ rẹ̀ kò jáde lẹ́nu mi.