Ìgò Ìyá Aníl

Ìgbà tí èmi gan-an kéré bíi tìẹ yìí, Tọ́lá… dúró ná, má tíì ju ìgò yẹn sí bíìnì. Mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó o sọ, pé òfìfo ni. Jókòó.

Nígbà náà, ní Ìṣẹ́yìn, ìyá mi ló ń lọ tìróò tí gbogbo àdúgbò ń lé. Ọ̀tọ̀ ni ọlọ tìróò, ọ̀tọ̀ ni ọlọ ata. Ọmọ tó bá fi ìka tìróò kan ẹnu, àbàrá ni. Á ní, "Òkúta ni. Inú èèyàn kì í lọ òkúta." Lóde òní wọ́n ní kò dáa fún ojú pàápàá. Ó dáa, mo gbọ́.

Kí ni mo ń sọ? Ẹ̀hẹn, Ìyá Aníl, ará Íńdíà tó ń gbé ilé kejì sí wa ní Ongar, ní ìlú òyìnbó níbí. Bí ẹ bá ti jáde tán láàárọ̀, ìyá ẹ sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, ìwọ sí iléèwé, òun nìkan ló ń kanlẹ̀kùn fún mi. Kò gbọ́ Yorùbá, n ò gbọ́ tiẹ̀. Èmi á di orúnkún mi mú, òun á di tiẹ̀ mú, a ó máa rẹ́rìn-ín… Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé ìgò yẹn fún mi. Ẹ̀tù dúdú ló wà nínú ẹ̀, tó ń fi oyin lá nítorí orúnkún. Mo gbé e wò, ó wúwo bíi tìróò. N ò lá a o.

Nígbà tó yá, inú ń run ún, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ní ọsibítù, wọ́n bi í pé oògùn wo ló ń lò. Ó ní òun ò lo nǹkan kan. Kò purọ́! Tí wọ́n bá bi èmi, ṣé màá ka àgbo mọ́ oògùn ni? Ohun tí èèyàn bá lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ta ló ń pè é ní oògùn?

Wọ́n ń wá àìsàn náà, wọn ò rí i. Mo ro ó títí. Tí mo bá gbé ìgò náà jáde, mo tú àṣírí ọ̀rẹ́ mi. Tí n ò bá gbé e jáde ńkọ́? Mo pe ìyá ẹ, mo ní, "Fúnmi, ohun tó ń lá nìyí."

Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀tù náà wò ní ọsibítù, òjé tó jẹ́ májèlé ni wọ́n bá nínú ẹ̀, òjé náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Aníl ọmọ ẹ̀ ní irin àti òkúta ni wọ́n fi ń ṣe é, pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa sun ún níná léraléra. Èyí tí wọ́n rà lórí fóònù ńkọ́, ta ló sun ún?

Ara ẹ̀ yá, ọpẹ́ ni. Àmọ́ Aníl gbé e padà sí Íńdíà, kó lè rẹ́ni máa ṣọ́ ọ. A ò tiẹ̀ dágbére. Ìgò tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ló kù sọ́wọ́ mi.

Ohunkóhun tó o bá ń fi sẹ́nu, ọmọ mi, sọ ọ́ fún dókítà, ì báà jẹ́ ọwọ́ tèmi lo ti gbà á.

Dá ìgò yẹn padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tí ẹ̀yin ọmọ ibí ń pè ní prẹ́ẹ̀sì… Tẹ́ ẹ bá ti jáde láàárọ̀, etí mi ṣì máa ń wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.