Píìnì Ìbòrí Mi àti Mọ́tò Bàbá Àwáwù

Lánàá, mo ń fi píìnì mú ìbòrí Àwáwù ọmọ mi lábẹ́ àgbọ̀n kó lè lọ sí ilé kéú nígbà tí fóònù mi dún. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sórí Wásáàpù àwa ìyá mọ́sálásí pé Bọ̀dá Ráúfù fítà, tó ń tún mọ́tò ṣe, ti kú sí ìlú Techiman, wọ́n sì ti sìnkú wọn. Àwáwù gbé ojú sókè, ó ní, "Màámi, ṣé Ráúfù olè yẹn ló kú?"

Ọmọ náà kò rí wọn rí. Ẹnu bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ orúkọ yẹn. Mo gún píìnì náà mọ́ ìbòrí rẹ̀, mo ní kó máa lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú oyún ọmọ yìí ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà pa mọ́, ọmọ ọ̀hún sì ti ń lọ sí iléèwé báyìí. Mo yí orúkọ gbogbo wa padà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí wa ti wá, èmi àti ọkọ mi, ṣùgbọ́n Kùmásí ni wọ́n bí wa sí. Bí Yorùbá mi bá kọsẹ̀ níbì kan, ẹ má bínú. Twi, èdè àwọn ará ibí, la fi ń jà nílé wa.

Mùsá, ọkọ mi, ń ta sálúbàtà ní ọjà Kejetia. Àkíráà ló ti ń kó ọjà, mọ́tò akẹ́rù oní-tọ́bò ló sì fi ń lọ. Tọ́bò yìí ló ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì kí mọ́tò lè lágbára lórí òkè. Bọ̀dá Ráúfù ló ń bá a tún mọ́tò náà ṣe ní Mágásìn, níbi tí àwọn fítà pọ̀ sí. Wọ́n dàgbà jù ú lọ, ó sì mú wọn bí ẹ̀gbọ́n.

Oyún mi àkọ́kọ́ bàjẹ́ nígbà tí ọkọ mi wà ní Àkíráà. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo tún lóyún, tí ó sì wọ oṣù ìbímọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má rìnrìn-àjò mọ́ títí n ó fi bí. Ó ní, "Ta ni yóò bọ́ wa? Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ." Kò fi ìkà sọ ọ́. Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí bẹ́ẹ̀.

Mo ti bá wọn mú tọ́ọ̀ṣì rí nígbà tí Bọ̀dá Ráúfù ń fi rọ́bà tín-ín-rín kan han ọkọ mi nínú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní fífà tí afẹ́fẹ́ ń fà nínú rọ́bà yìí ló ń darí tọ́bò. Bí ó bá ń jò, tọ́bò á kàn jókòó lásán ni. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Rọ́bà ńlá tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé, bí ìyẹn bá ń jò, fi omi ọṣẹ pa á, á hó. Èyí kò ní hó fún ọ. Fífà ló ń fà, kì í fẹ́." Ó dùn mọ́ mi nígbà yẹn, bí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí a kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì.

Ọkọ mi a máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wo omi àti ọ́ìlì, á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á lọ kírun àsùbáà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tó fẹ́ lọ sí Àkíráà, mo jáde lẹ́yìn rẹ̀. Mo yọ píìnì ìbòrí mi, mo gún rọ́bà náà lábẹ́, mo sì ń yí píìnì náà kí ojú ihò lè là. Mo gún un káàkiri. Kò tíì jìnnà sí Kùmásí tí mọ́tò fi kọ̀ láti gun òkè, ọkọ mi bá padà wálé. Mo se ìrẹsì fún un. Inú mi dùn.

Bọ̀dá Ráúfù fi omi ọṣẹ pa gbogbo rọ́bà ńlá, kò hó. Wọ́n fi géèjì tí wọ́n fi ń wọn fífà afẹ́fẹ́ wò ó, wọ́n rí i pé rọ́bà kékeré ló ń jò. Wọ́n rò pé ó ti gbó ni, wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi tún fẹ́ lọ, mo gún tuntun náà.

Lọ́jọ́ tí a tún gbé e padà lọ sí Mágásìn, láti ibi tí wọ́n ti ń wo oyún mi la gbà débẹ̀, èmi náà sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Bọ̀dá Ráúfù yọ rọ́bà náà, wọ́n fi ìka dí ojú kan, wọ́n fi ẹnu fa èkejì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ po. Wọ́n rí àwọn ihò náà bí wọ́n ṣe tò bí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wo abẹ́ àgbọ̀n mi, níbi tí píìnì wà.

Wọ́n bi mí pé, "Ìyàwó, ó ku bí ìgbà wo?"

Mo ní, "Ìgbàkúùgbà ni báyìí, Bọ̀dá."

Wọ́n ti rọ́bà náà bọ àpò. Wọ́n sọ fún ọkọ mi pé, "Mọ́tò yìí kò lè lọ sí Àkíráà. Fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Bí ìyàwó bá ti bímọ tán, wá gbé e."

Ọkọ mi ní, "Kí ni ìbímọ ìyàwó mi kan tọ́bò? Ṣálè, ìwọ lò ń bà á jẹ́ kí n lè máa padà wá. Ò ń jẹ mí."

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọkọ mi kò pe Bọ̀dá Ráúfù ní "ìwọ" rí, ká má tilẹ̀ sọ "Ṣálè" tí ẹgbẹ́ fi ń pe ẹgbẹ́. Àwọn fítà tó wà nítòsí dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ɛyɛ asɛm o," ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ńlá lèyí. Bọ̀dá Ráúfù kò wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Wọ́n ní, "Mùsá, fi mọ́tò sílẹ̀." Ìyẹn nìkan. Ọkọ mi fi í sílẹ̀ tìbínú-tìbínú.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

Ọkọ mi wà nílé nígbà tí ìrọbí mú mi. Òun ló pe ìrun sí ọmọ létí. Títí dòní, ó máa ń sọ pé Ọlọ́hun ló dá òun dúró. Àmọ́ nígbà tó lọ gbé mọ́tò, tí mọ́tò ń sá dáadáa, tí Bọ̀dá Ráúfù kò sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ẹ̀rí olè nìyẹn. Ó sọ ọ́ ní mọ́sálásí, ó sọ ọ́ ní Kejetia. Àwọn ará wa kó mọ́tò wọn kúrò lọ́dọ̀ Bọ̀dá Ráúfù.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Bọ̀dá Ráúfù wá. Mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́nu ọ̀nà: "Mo kàn wá kí ìyàwó ni." Ọkọ mi ní kí wọ́n padà. Ọmọ wà lẹ́nu ọmú. Mi ò dìde. Ẹ̀yin ènìyàn mi, rọ́bà tí mo gún kọ́ ló ń dùn mí jù. Àìdìde yẹn ni.

Nígbà tó yá, Bọ̀dá Ráúfù ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, wọ́n kó lọ sí Techiman. Wọn kò tú mi fó rí. Mo máa ń sọ fún ara mi pé n ó lọ bá wọn lọ́jọ́ kan. Mọ́tò tó ń lọ sí Techiman ń kérò lójoojúmọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbà kọjá.

Lọ́jọ́ Àìkú ni àdúà ọjọ́ kẹjọ, ní ilé ẹbí wọn ní àdúgbò Asafo ní Kùmásí níbí. Ẹ mọ̀ pé áfáà á sọ pé ẹni tí òkú bá ṣẹ̀, kó yọ̀ǹda fún un. Àná náà ni ọkọ mi búra pé òun á lọ, òun á dìde láàárín ìjọ, òun á ní òun ò yọ̀ǹda.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo máa sọ fún ọkọ mi, ìyẹn ti dá mi lójú. Àmọ́ gbangba ni a ti ba orúkọ Bọ̀dá Ráúfù jẹ́. Ṣé kí n sọ ọ́ nínú yàrá nìkan ni, àbí kí èmi náà dìde láàárín ìjọ, níwájú ìyàwó wọn? Ẹni tó yẹ kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ti wọ ilẹ̀ lọ. Ta ni n ó wá bẹ̀? Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣàdúà fún wọn.

Lónìí, nígbà tí mo tún fẹ́ mú ìbòrí Àwáwù, mo fi píìnì lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́. Mo jókòó síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá Ráúfù kì í ṣe olè. Èmi ni mo ba mọ́tò Bàbá jẹ́, torí ẹ̀rù ń bà mí láti dá nìkan bí ọ. Wọ́n mọ̀, wọn kò sọ."

Ó fi píìnì náà mú ìbòrí rẹ̀. Ó ní, "Ṣé Bàbá mọ̀?"

Mo ní, "Rárá. Bí Bàbá bá dé, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."