Orin Ẹkù Tí Mo Fi Ẹ̀gbọ́n Mi Dá

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe ìrìbọmi fún mi. Oníwàásù wa ti yan orúkọ tuntun fún mi, ìyàwó wọn ti rán aṣọ funfun tí n óò wọ̀, àwọn tí a jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ sì ń bá mi yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n tú inú mi síta fún yín. Nígbà tí wọ́n ní kí olúkúlùkù wa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, mo jẹ́wọ́ òrìṣà tí mo bọ, mo jẹ́wọ́ irọ́, mo jẹ́wọ́ omi tí mo bù lé epo kí igbá lè kún lọ́jà. Wọ́n ní ó dára, wọ́n gbàdúrà fún mi. Ta ni yóò gbọ́ pé ènìyàn dá orin nínú ẹkù epo tí yóò pè é ní ẹ̀ṣẹ̀? Orin lásán! Bẹ́ẹ̀ orin náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀run tí kò jẹ́ kí àdúrà mi kọjá.

Abúlé kan lẹ́bàá Lálúpọn ni wọ́n bí wa sí, èmi àti Àṣàbí ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ìyá ni wá. Ọdún méjì péré ló fi jù mí, orí ẹní kan la sì ń sùn, nítorí náà "ìwọ" ni mo ń pè é, kò bínú. Òun ló kọ́ mi ní irun dídì, òun ló kọ́ mi bí a ti ń tẹ ẹyìn nínú ẹkù, kòtò tí a fi òkúta tẹ́ nídìí odò. Bí a bá ti se ẹyìn tán, a óò dà á sínú ẹkù, àwa ọmọbìnrin óò bọ́ sí i, a óò máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a óò máa da omi sí i títí epo yóò fi léfòó. Iṣẹ́ náà le, orin ló ń mú un rọ̀. Ọlọ́run sì fún mi ní ẹ̀bùn orin. Ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ lábúlé, kó tó di ìrọ̀lẹ́ mo ti sọ ọ́ di ìtàn, mo ti fi orin sí i. Ẹ̀bùn rere ni, ṣùgbọ́n ọbẹ ni wọ́n fi lé ọmọdé lọ́wọ́.

Àkànmú ni ẹni tí ń fẹ́ Àṣàbí. Ó ti bá bàbá wa roko fún òjò mẹ́ta, wọ́n ti gba ìdána lọ́wọ́ rẹ̀, ó ku kí wọ́n gbé ìyàwó lẹ́yìn ìkórè. Ogun Ìjàyè bá dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ. Àkànmú kò padà. Irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi aṣọ dì wá sílé, ìyẹn náà ni wọ́n sì sin. Nígbà tí ẹkún sọ nílé wọn, Àṣàbí dìde pé òun yóò lọ ṣe opó. Àwọn àgbà obìnrin dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ọmọ wa, pẹ̀lẹ́, padà sílé yín. Ìyàwó tí a kò tíì wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé kì í ṣe opó."

Wọn kò ṣìkà, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ náà yóò gbé ẹkún rẹ̀ lọ? Opó ní iyàrá tí yóò jókòó sí, ó ní aṣọ tí yóò wọ̀, ó ní iye oṣù tí yóò lò, bó bá pé, wọn yóò mú un jáde, wọn yóò kí i. Àṣàbí kò ní ọ̀kankan. Ọ̀fọ̀ rẹ̀ kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì lópin.

Ó bá jókòó ti ògiri ẹ̀yìnkùlé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ibẹ̀ náà ni; bí oòrùn bá yí, kò yí. Ẹ̀kọ tí a bá gbé fún un a gbẹ mọ́ ewé. Irun tó máa ń dì lọ́rọọrún di gátagàta. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni, àwọn kan ní òkú ló ń pè é. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé torí ọkùnrin tó ti kú náà ni?" Ó ní, "Kì í ṣe òun nìkan mọ́. N kò mọ ohun tó jẹ́. Ilẹ̀ ń mọ́, kì í mọ́ sí mi lára." Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí! Èmi tí mo ń fi etí gbá ọ̀rọ̀ kiri kí n lè rí orin dá, mo gbọ́ ọ, mo yọ ṣùtì.

Kí ni mo rí tí inú fi ń bí mi? Àwọn ará ilé Àkànmú ti ní kí àbúrò rẹ̀ tó ń dáko ní Ìrókò ṣú Àṣàbí, torí ìdána tí wọ́n ti san, Àṣàbí kò sì tíì gbà. Èmi náà ti ní ẹni tó ń fẹ́ mi, bàbá wa sì ti sọ pé àbúrò kò ní ṣáájú ẹ̀gbọ́n kúrò nílé. Ẹyìn tó yẹ kí àwa méjì jọ tẹ̀, èmi nìkan ló ń tẹ̀ ẹ́. Ni mo bá dá orin. Mo lé e, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbè é:

"Ẹ wá wo opó tí kò lọ́kọ o!
Ta ló gbé e níyàwó?
Ẹnì kan ò gbé e o!
Ó fẹ̀yìn ti ògiri bí ìkòkò tó fọ́,
Ta ló gbé e níyàwó?
Ẹnì kan ò gbé e o!"

Orin náà dùn, ó bá ẹsẹ̀ mu. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, gbogbo ẹkù tó wà létí odò wa ló ń kọ ọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ yóò pa ẹnì kan!" ni wọ́n ń wí fún mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbà á bí oyè.

Ọjọ́ kan ni ìyá wa bẹ Àṣàbí, bẹ Àṣàbí, títí ó fi dìde. Ó wẹ̀. Ó dirun. Ó ní òun yóò bá wa pọn omi ẹkù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn láti oṣù mẹ́ta tí yóò jáde. Ó gba ọ̀nà odò bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí, ó bá wa nínú ẹkù, epo dé orúnkún wa, èmi ni mo ń lé orin. Àwọn ìyókù rí i, wọ́n dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kẹ̀yìn sí i, mo ń lé e lọ ní èmi nìkan.

Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ lo dá a?"

Ẹ̀yin ará, bí mo bá sọ pé èmi ni, bí mo bá bọ́ sókè tí mo dì mọ́ ọn pẹ̀lú epo lára mi, bóyá ọ̀rọ̀ ìbá tán níbẹ̀. Mo wẹ̀yìn, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Orin ẹkù ni, kì í ṣe tẹnì kan."

Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó da omi náà sínú ẹkù fún wa pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó má baà ta sí wa lójú. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó sọ fún ìyá wa pé òun gbà, kí wọ́n mú òun lọ sí Ìrókò. Kì í ṣe ìfẹ́ ló gbé e lọ, orin mi ló lé e jáde nílé. Ọdún kò yí po tí wọ́n fi gbé èmi náà níyàwó. Mo jó lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Mo gbàgbé, títí mo fi bí ọmọ kejì, tí ọmọ náà kú, tí èmi náà jókòó ti ògiri. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni, ilẹ̀ a máa mọ́ kó má mọ́ sí ènìyàn lára. Ìyàwó oníwàásù ló wá bá mi. Wọn kò bá mi wí, wọn kò ní kí n dìde. Wọ́n jókòó tì mí lórí ẹní, wọ́n ń pa ẹ̀kùrọ́ wọn, lójoojúmọ́, títí mo fi bèèrè omi mu. Báyìí ni mo ṣe mọ Olúwa. Nígbà tó yá, oníwàásù sọ fún wa nípa obìnrin kan tó ń gbàdúrà nínú ìbànújẹ́, ètè rẹ̀ ń mì, ẹnì kan kò gbọ́ ohùn rẹ̀, àlùfáà ní ó ti mutí yó. Gbogbo ìjọ mi orí. Èmi sunkún, nítorí àlùfáà náà gbọ́ tẹnu rẹ̀ kó tó pẹ́, ó sì yí ìbáwí rẹ̀ padà sí ìre. Èmi ńkọ́?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ sí Ìrókò. Àṣàbí ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ igi, ojú rẹ̀ kò kúrò nínú àtẹ. Mo kúnlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí." N kò tíì sọ ohun tí mo ṣe tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, fi yọ láti ẹ̀yìn ilé, ó ń jó, ó ń fi ẹsẹ̀ kéékèèké tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ẹkù, ó ń kọ orin tèmi, tó ti dé àwọn ẹkù Ìrókò: "Ta ló gbé e níyàwó? Ẹnì kan ò gbé e o!"

Mo pariwo mọ́ ọn pé kó dákẹ́. Àṣàbí gbé ojú sókè, ó wò mí. Kò bínú. Ó ní, "Jẹ́ kó kọ ọ́. Orin ẹkù ni, kì í ṣe tẹnì kan." Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ahọ́n yín mú, bí ẹ bá rí ẹni tó jókòó ti ògiri, ẹ má fi dá orin; ẹ tẹ́ ẹní, ẹ jókòó tì í. Ní tèmi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Wọ́n ní omi náà ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ nù, mo sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wẹ̀ mí ní Ọjọ́ Ìsinmi, ta ni yóò wẹ ẹnu ọmọ náà?