Epo Pupa Lára Ìbọn Bàbá

Nígbà tí iṣẹ́ epo rọ̀bì gba gbogbo Warri, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ kan, Yorùbá bíi tèmi, lójú ọ̀nà Sápẹ́lẹ́, mò ń dúró de àdá mi. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ilé ìfọpo Ekpan gbé ìbọn tó ń gba ọta kan ṣoṣo wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n, ìbọn bàbá mi rèé. Ọdẹ ni wọ́n. Òkú wọn la fẹ́ ṣe nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àkọ́bí ni mo máa kọ́kọ́ yìnbọn. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, kò dún."

"Ọta ńkọ́?"

"Tuntun ni. Bàbá ń bínú sí mi ni. Wọ́n ní kí n ṣọdẹ, mo sá wá síṣẹ́ epo."

Alágbẹ̀dẹ gba ìbọn náà. Ó rí i pé kò sí ọta nínú ẹ̀, ó tú u, ó fi èékánná ha ìṣó kékeré tó ń gún ìdí ọta.

"Kí lo fi pa á lára?"

"Epo pupa. Oṣooṣù ni mò ń fi pa á lára látìgbà tí wọ́n ti kú, kó má dípẹtà."

"Abeg! Níbi tí wọ́n ti ń fọ epo lo ti ń ṣiṣẹ́, epo pupa lo wá fi pa ìbọn! Ó ti dì mọ́ ìṣó, kò lè gún ọta dáadáa mọ́."

Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, ó fà á lófìfo. Ó dún kẹ́!

"Ṣó o gbọ́? Bàbá ẹ ò bínú. Epo ló dì."

Ọkùnrin náà gbá ìbọn mọ́ra. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ."

"Epo ló dì."

"Rárá o, ti àkọ́kọ́."

Alágbẹ̀dẹ gbé irinṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kalẹ̀, ó sì tún un sọ.