Iṣan Tí Mo Fi Pẹ́ńsùlù Dá

Dókítà ní ọkàn mi ti rẹ̀. Kó tó dákẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tí mo ti fi pamọ́ láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Àwòrán ọwọ́ tí mo yà sínú ìwé ẹ̀yà ara, èyí tí ẹ máa ń yìn, irọ́ wà nínú rẹ̀. Ìwọ tó jókòó síbi ẹsẹ̀ mi, ìyá rẹ ni mo fi irọ́ náà ṣẹ̀.

Ìyá Ọlọ́bẹ là ń pè é nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Kì í ṣe ọbẹ̀ o, ọ̀bẹ ni! Òun ló ń la òkú fún wa, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ìrọ̀rí ni apá èèyàn ń rí nínú àwòrán mi. Ó tẹ́ apá àdán sẹ́gbẹ̀ẹ́ apá èèyàn lọ́jọ́ kan, ó fi orúkọ tó sọ mí pè mí, ó ní, "Pẹ́ńsùlù, wo egungun wọn. Ọ̀kan náà ni. Èyí gùn, ìyẹn kúrú." Mo pariwo! Láti ọjọ́ náà, n kò rí ohun tó ń fò kí n má rántí ọwọ́. Ẹ wo obìnrin tó là mí lójú.

Lọ́jọ́ tó la ọrùn ọwọ́ òkú kan, iṣan tín-ín-rín tó máa ń wà láàárín kò sí níbẹ̀. Ó ní, "Àwọn kan kì í ní in. Yà á bó o ṣe rí i." Àmọ́ àwòrán náà ṣófo lójú tèmi. Mo ká apá aṣọ mi ọ̀tún, mo wo iṣan tèmi, mo sì yà á síbẹ̀. Ẹwà ni mo ń wá, aláṣejù!

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni ìwé gbé àwòrán sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ó kọjú sí Ìyá Ọlọ́bẹ. "Iṣan yìí dà? O ti gé e dànù!"

"N kò gé nǹkan kan, sà. Ẹ bi Pẹ́ńsùlù."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo ní, "Mo rí i, sà. Ó wà níbẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án."

Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́. Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Ó nu àwọn ọ̀bẹ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó wò mí, ó ní, "Ojú tí mo là fún ọ náà lo fi rí ohun tí kò sí." Kò di ọ̀bẹ iṣẹ́ mú mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi àtàǹpàkò kan ìka tó kéré jù, kí ẹ tẹ ọrùn ọwọ́ yín síwájú. Bí iṣan náà bá yọ, ẹ yà á. Bí kò bá yọ, ẹ má ṣe dá a.

Ẹ̀yìn tí ìyá rẹ kú ni mo tó ká apá aṣọ òsì. Sún mọ́ mi, ọmọ mi. Di ọwọ́ òsì mi mú, fi ìka rẹ wá iṣan náà. Kò sí níbẹ̀, àbí? Ìyá rẹ kò jẹ̀bi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.