Ẹ̀gbọ́n Mi Ò Rí Ìkúnlẹ̀ Mi

Morọ́láyọ̀, má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù, sùúrù ti sú mi. Ọmọ ẹ, Ayọ̀olúwa, tún ti gbé ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ń bọ̀ dé. Ó ní ká má wulẹ̀ tún èyí tó wà nílẹ̀ ṣe, tuntun máa jáde nígbà tí ewé bá ń já bọ́ lórí igi, bátìrì ẹ̀ ò ní í tètè kú, káméra ẹ̀ á máa tẹ̀ lé èèyàn kiri inú ilé. Mo ní ṣé á bá mi fọ abọ́ náà? Ó ń rẹ́rìn-ín.

Ṣebí bó ṣe wí léṣìí nìyẹn. A dúró, dúró, ìyẹn jáde, ó ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa ẹ̀, ó pòṣé. Ó ní ó kàn fúyẹ́ díẹ̀ ni, ojú ẹ̀ kàn mọ́lẹ̀ díẹ̀, ká dúró de èyí tó tẹ̀ lé e. Kí ni ìyẹn fẹ́ jẹ́? Á tún fúyẹ́ díẹ̀, á tún mọ́lẹ̀ díẹ̀. Fíríìjì tuntun tó o rà yẹn ńkọ́, ṣé kì í ṣe omi náà ló ń mú tutù?

O mọ̀ pé etí ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn ò gbọ́ràn mọ́. Ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ mi. Màá gbé láptọ́ọ̀pù sórí àga, màá sún sẹ́yìn, màá kúnlẹ̀ kí wọ́n rí mi látorí dé orúnkún, wọ́n á gbọ́wọ́ sókè, wọ́n á ṣàdúrà fún mi. Tó bá jẹ́ fóònù ni, kì í dá dúró, tí mo bá sì fọwọ́ mú un, orí mi nìkan ni wọ́n ń rí.

Ní báyìí tí bátìrì ti kú, tí ihò ṣájà sì ti dẹ̀, orúnkún mi á kan ilẹ̀, pákó ilẹ̀ á mì, ṣájà á yẹ̀, gbogbo ẹ̀ á kú. Kí ni ẹ̀gbọ́n mi ń rí? Èmi lórí ìnàró, lẹ́yìn náà, òkùnkùn.

Mùtàlíbù ọmọ wọn ló pè mí, ojú ń tì í. Ó ní, "Màmá sọ pé Amẹ́ríkà ti gba orúnkún yín, pé àwọn ò ní àbúrò tó ń nàró kí àwọn." Mo ṣàlàyé títí. Wọ́n ní irọ́ ni, àwọn fojú àwọn rí i. Mùtàlíbù bẹ̀ wọ́n, bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n tó gbà láti jókòó wò mí lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi tí obìnrin yẹn pọ̀n dàgbà. Ara wọn ò sì le. Ṣé bí wọ́n ṣe máa lọ nìyẹn, kí n jẹ́ ọ̀yájú lọ́kàn wọn?

Kí lo wí? Ká lo tìẹ? Tìẹ tó jẹ́ ti ọ́fíìsì, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn? Gbàgbé ìyẹn.

Ọkùnrin kan wà ní Langley Park, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tá a ti ń ra iṣu. Ó ń pààrọ̀ bátìrì, ó ń tún ihò ṣájà ṣe. Felicia ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní tòun tó bá a tún ṣe ṣì ń ṣiṣẹ́. Mi ò ní kó di tuntun. Kó ṣáà dúró títí n ó fi kúnlẹ̀, títí n ó fi dìde, torí ìdìde yẹn gan-an ló ń pẹ́.

Kí Ayọ̀olúwa máa dúró de èyí tó ń bọ̀, ọmọdé ni, ó ráyè. Èmi, ẹ̀gbọ́n kan ló kù fún mi, wọn ò sì ní í ṣe òmíràn jáde. Wọ bàtà ẹ, jẹ́ ká lọ kí ọkùnrin yẹn tó ti ṣọ́ọ̀bù.